Ojú Olójú Kò Jọ Ojú Ẹni: Ìtàn Sọ́fítíwíà Aka-ojú-ẹ̀rọ àti Ìdíwọ́ tí Ìgbéga Ń Mú Bá Lẹ́tà Àwọn Aláìríran

Ìfáàrà

Kí ìwé kíkọ tó dé ilẹ̀ Yorùbá, àrokò jẹ́ ọ̀nà pàtàkì tí àwọn ènìyàn fi ń ránṣẹ́ sí ara wọn. Owó ẹyọ méjì tí wọ́n so pọ̀ tí wọ́n kọjú sí ara wọn ní ìtumọ̀ tirẹ̀. Bí wọ́n bá kẹ̀yìn sí ara wọn, ìtumọ̀ mìíràn ni. Ẹni tí wọ́n fi àrokò ránṣẹ́ sí lè fi ojú wò ó, ó sì lè fi ọwọ́ yẹ̀ ẹ́ wò. Nígbà tí ìwé dé, ọ̀rọ̀ yí padà. Bàbá tí kò mọ̀wé, tí ọmọ rẹ̀ kọ lẹ́tà sí láti Èkó, ní láti gbé lẹ́tà náà tọ tíṣà tàbí ọmọ ilé-ìwé lọ kí ó bá a kà á. Ohun tí ó yẹ kí ó wà láàárín bàbá àti ọmọ di ohun tí etí kẹta gbọ́. Yorùbá bọ̀, wọ́n ní ojú olójú kò jọ ojú ẹni. Ohun tí àìmọ̀wé ṣe fún bàbá yìí ni àìríran ń ṣe fún afọ́jú tí ó mọ̀wé dunjú.

Sọ́fítíwíà ni orúkọ tí wọ́n ń pe àkójọ àṣẹ tí ó ń mú kọ̀ǹpútà ṣiṣẹ́. Oríṣi kan wà lára wọn tí ó ń ka ohun tí ó wà lójú ẹ̀rọ jáde ní ohùn, tàbí kí ó gbé e sórí ẹ̀rọ Bírélì fún ìka ọwọ́. Aka-ojú-ẹ̀rọ ni orúkọ tí àpilẹ̀kọ yìí fún un. Iṣẹ́ àpilẹ̀kọ yìí ni láti tọpa ìtàn aka-ojú-ẹ̀rọ láti nǹkan bí ọdún 1986 títí di òní, àti láti ṣàlàyé ìdí tí ó fi jẹ́ pé ní gbogbo ìgbà tí wọ́n bá gbé sọ́fítíwíà ga sí ẹ̀dà tuntun, ọ̀nà tí afọ́jú ń gbà dé ibi lẹ́tà rẹ̀ lè dí lójijì. Ìdí náà kò fi bẹ́ẹ̀ jẹ́ ti àìbìkítà ẹnì kan ṣoṣo. Ó wà nínú ọ̀nà tí wọ́n gbà kọ́ ilé náà láti ìpìlẹ̀.

Láti Bírélì dé ojú ẹ̀rọ

Ọmọ ilẹ̀ Faransé ni Louis Braille. Ọdún 1809 ni wọ́n bí i, ó sì fọ́ lójú nígbà tí ó wà ní kékeré. Ní ọdún 1824, nígbà tí ó jẹ́ ọmọ ọdún 15, ó ti ṣe ètò ìkọ̀wé tí ó dá lórí àmì kéékèèké mẹ́fà tí ó yọ gọnbu lórí ìwé, tí ìka sì lè kà. Ní ọdún 1829 ni ó tẹ ìwé jáde lórí rẹ̀. Bírélì gba afọ́jú lọ́wọ́ àìmọ̀wé, ṣùgbọ́n kò gbà á tán lọ́wọ́ ojú olójú, nítorí pé àwọn tí ó ríran kì í sáábà mọ Bírélì. Ìwé tí ilé ìfowópamọ́ kọ sí i, lẹ́tà ìgbanisíṣẹ́, èsì àyẹ̀wò láti ilé ìwòsàn, lẹ́tà ìfẹ́ pàápàá, ojú ẹlòmíràn ni ó gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ bà lé wọn.

Ní ọdún 1981 ni ilé-iṣẹ́ IBM gbé kọ̀ǹpútà kékeré tirẹ̀ jáde. Lórí irú kọ̀ǹpútà bẹ́ẹ̀, ètò tí wọ́n ń pè ní DOS ni ó ń darí ẹ̀rọ, ọ̀rọ̀ pọ́ńbélé ni ó sì sábà máa ń wà lójú rẹ̀. Ìlà 25 ni ó wà lójú ẹ̀rọ náà, ìlà kọ̀ọ̀kan sì gba lẹ́tà 80. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ àyè 2,000. Àyè kọ̀ọ̀kan ní ibi tirẹ̀ nínú ìrántí ẹ̀rọ, nọ́ńbà tí ó dúró fún lẹ́tà ibẹ̀ ni ó sì wà níbẹ̀. Nítorí náà, bí sọ́fítíwíà kan bá fẹ́ mọ ohun tí ó wà lójú ẹ̀rọ, kò ní ju kí ó lọ sí ibi ìrántí náà, kí ó ka àwọn nọ́ńbà rẹ̀, kí ó sì gbé wọn fún ẹ̀rọ asọ̀rọ̀.

Ọ̀nà yìí ni Jim Thatcher tọ̀. Onímọ̀ ìṣirò ni, ní ibùdó ìwádìí IBM ní Amẹ́ríkà. Jesse Wright, tí ó ti jẹ́ olùkọ́ rẹ̀ ní yunifásítì tí wọ́n sì jọ ń ṣiṣẹ́ ní IBM, jẹ́ afọ́jú. Láti inú ìbáṣepọ̀ àwọn méjèèjì ni aka-ojú-ẹ̀rọ IBM fún DOS ti jáde ní ọdún 1986. Ẹlòmíràn tí ìtàn kò lè gbàgbé ni Ted Henter. Agun-alùpùpù ìdíje ni kí ojú rẹ̀ tó fọ́ nínú ìjàm̀bá ọkọ̀ ní ọdún 1978. Ó padà lọ kọ́ iṣẹ́ kọ̀ǹpútà, òun àti Bill Joyce sì dá ilé-iṣẹ́ Henter-Joyce sílẹ̀ ní ọdún 1987 ní ìpínlẹ̀ Florida. Ní ọdún 1989 ni wọ́n gbé JAWS jáde fún DOS.

Àǹfààní tí èyí mú wá kò kéré. Nígbà tí lẹ́tà orí kọ̀ǹpútà, èyí tí gbogbo ènìyàn mọ̀ sí í-meèlì, bẹ̀rẹ̀ sí í tàn kálẹ̀, ó di ohun tí ó ṣeé ṣe fún ẹni tí ó ríran láti kọ lẹ́tà bí ó ti máa ń kọ ọ́, kí afọ́jú sì fi etí ara rẹ̀ gbà á. Ẹni àkọ́kọ́ kò ní láti kọ́ Bírélì. Ẹni kejì kò ní láti wá akàwé. Lẹ́tà lásán-làsàn láti ọwọ́ ẹnikẹ́ni lè dé ọ̀dọ̀ afọ́jú láìgba ojú olójú kọjá. Ohun tí ó wà nínú ewu nìyí nígbàkigbà tí ìgbéga sọ́fítíwíà bá da nǹkan rú. Kì í ṣe ìrọ̀rùn nìkan. Àṣírí ènìyàn, iṣẹ́ rẹ̀ àti òmìnira rẹ̀ ni.

Ìdíwọ́ àkọ́kọ́: nígbà tí ọ̀rọ̀ di àwòrán

Ilé ọba tó jó, ẹwà ló bù sí i. Ojú yìí ni àwọn olùṣe kọ̀ǹpútà fi wo ìyípadà tí ó dé láti orí DOS sí orí Windows. Wọ́n fi àwòrán kéékèèké rọ́pò àṣẹ títẹ̀, wọ́n sì fi máòsì sí ọwọ́ ènìyàn kí ó máa fi tọ́ka sí ohun tí ó bá fẹ́. Windows 3.0 jáde ní ọdún 1990, àwọn iléeṣẹ́ sì bẹ̀rẹ̀ sí í kó lọ sí orí rẹ̀. Fún ẹni tí ó ríran, ẹwà ni. Fún ẹni tí kò ríran, ilé tí ó mọ yàrá rẹ̀ bí ẹni mowó ni ó jó.

Ìdí rẹ̀ kò ṣòro láti rí. Lórí DOS, ẹ̀rọ mọ̀ pé lẹ́tà A ni ó wà ní àyè báyìí. Lórí ètò alàwòrán, ẹ̀rọ kàn ń tò àmì àwọ̀ kéékèèké jọ títí ojú ènìyàn yóò fi rí A níbẹ̀ ni. Bí ọmọdé bá fi ẹ̀fun ya A sí ara ògiri, ògiri kò mọ̀ pé A ni. Aka-ojú-ẹ̀rọ tí ó bá lọ sí ibi ìrántí àtijọ́ kò ní bá lẹ́tà kankan níbẹ̀ mọ́. Àmì àwọ̀ nìkan ni yóò bá.

Ilé-iṣẹ́ Berkeley Systems ni ó kọ́kọ́ fi hàn pé ọ̀nà àbáyọ wà. Ní ọdún 1989, wọ́n gbé outSPOKEN jáde fún kọ̀ǹpútà Macintosh, tí ó ti ń lo àwòrán láti ọdún 1984. Ọgbọ́n tí àwọn onímọ̀ dá ni pé kí aka-ojú-ẹ̀rọ lọ dúró sí ojú ọ̀nà láàárín sọ́fítíwíà àti ojú ẹ̀rọ. Bí sọ́fítíwíà bá pàṣẹ pé kí wọ́n ya ọ̀rọ̀ kan sí igun kan, aka-ojú-ẹ̀rọ yóò gbọ́ àṣẹ náà fìrí kí ó tó di àwòrán, yóò sì kọ ọ́ sínú ìwé tirẹ̀. Ìwé yìí ni yóò máa kà fún afọ́jú. Richard Schwerdtfeger ti ilé-iṣẹ́ IBM ṣàlàyé ọgbọ́n yìí fún gbogbo ayé nínú ìwé ìròyìn BYTE ní ọdún 1991.

Ọgbọ́n ńlá ni, ṣùgbọ́n ọgbọ́n àfetígbọ́ lẹ́yìn ògiri ni. Kò sí àdéhùn láàárín aka-ojú-ẹ̀rọ àti ẹni tí ó ń ṣe sọ́fítíwíà. Bí olùṣe sọ́fítíwíà bá yí ọ̀nà tí ó ń gbà ya ọ̀rọ̀ padà, kò jẹ ẹnikẹ́ni ní gbèsè ìkìlọ̀. Ẹni tí ó ń gbọ́ lẹ́yìn ògiri yóò kàn ṣàkíyèsí pé ilé ti dákẹ́ ni. Inú àìsí àdéhùn yìí ni gbogbo ìdíwọ́ tí ó tẹ̀lé e ti ṣú yọ.

Àpẹẹrẹ rẹ̀ kò pẹ́ rárá kí ó tó hàn. Ní oṣù Kínní ọdún 1995 ni JAWS fún Windows jáde. Ní oṣù Kẹjọ ọdún náà ni Windows 95 jáde, èyí tí ó yí ọ̀pọ̀ nǹkan padà nínú ìpìlẹ̀ Windows àtijọ́. Àwọn olùṣe aka-ojú-ẹ̀rọ tún ní láti padà sí ìdí iṣẹ́. Ọ̀rọ̀ náà gbóná dé ibi pé ìjọba ìpínlẹ̀ Massachusetts ní Amẹ́ríkà halẹ̀ pé àwọn yóò dáwọ́ ríra Windows 95 dúró bí kò bá ṣeé lò fún àwọn òṣìṣẹ́ tí kò ríran.

Àdéhùn láàárín sọ́fítíwíà méjì

Ní ọdún 1997, ilé-iṣẹ́ Microsoft gbé ìlànà kan jáde tí wọ́n pè ní Active Accessibility. Ìlànà yìí ni ó kọ́kọ́ fi àdéhùn rọ́pò ìfetígbọ́ lẹ́yìn ògiri lórí Windows. Gẹ́gẹ́ bí ìlànà náà, gbogbo ohun tí ó bá wà lójú ẹ̀rọ gbọ́dọ̀ lè dáhùn ìbéèrè mẹ́ta pàtàkì bí aka-ojú-ẹ̀rọ bá bi í: kí ni orúkọ rẹ? irú ohun wo ni ọ́? ipò wo ni o wà? Bọ́tìnnì ìfìwéránṣẹ́, fún àpẹẹrẹ, yóò dáhùn pé òun ń jẹ́ Fi Ránṣẹ́, pé bọ́tìnnì ni òun, àti pé òun ti ṣetán fún títẹ̀. Bí olùṣe sọ́fítíwíà bá gbàgbé láti fún un ní orúkọ, ohun kan ṣoṣo tí afọ́jú yóò gbọ́ ni bọ́tìnnì. Bí bọ́tìnnì mẹ́wàá bá tò tẹ̀léra tí gbogbo wọn kò lórúkọ, ó di kí ó máa dánwò lọ́kọ̀ọ̀kan, bóyá èyí tí ó tẹ̀ ni yóò fi lẹ́tà ránṣẹ́, tàbí èyí tí yóò pa á rẹ́.

Ṣùgbọ́n àdéhùn ní láti kan ẹni tí ó ṣe é gan-an. Ní ọdún 1997 yìí kan náà, ilé-iṣẹ́ tí ó gbé ìlànà náà jáde gbé Internet Explorer 4.0 jáde láìfi ìlànà náà sí i, bẹ́ẹ̀ ni ẹ̀dà tí ó ṣáájú rẹ̀ ti ń lò ó. Ẹni tí ó gbé tirẹ̀ ga sí ẹ̀dà tuntun sọ ohun tí ó ti ní tẹ́lẹ̀ nù. Àwọn afọ́jú pariwo, Microsoft sì dá ìlànà náà padà sínú ẹ̀dà 4.01 kí ọdún náà tó parí. Ẹ̀kọ́ méjì ni ó wà nínú ìṣẹ̀lẹ̀ yìí. Èkíní ni pé ìgbéga kì í ṣe ìlọsíwájú fún gbogbo ènìyàn lọ́jọ́ kan náà. Èkejì ni pé ohun tí wọ́n bá rò mọ́ iṣẹ́ ní ìparí ni wọ́n kọ́kọ́ máa ń yọ sílẹ̀ nígbà tí ọjọ́ ìgbéjáde bá ń sún mọ́ etílé.

Nígbà tí ọ̀rọ̀ di ti ilé ẹjọ́

Lẹ́yìn èyí ni ọ̀rọ̀ í-meèlì gan-an dé iwájú adájọ́. America Online, tí ọ̀pọ̀ mọ̀ sí AOL, jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn ilé-iṣẹ́ tí ó tóbi jù lọ tí àwọn ará Amẹ́ríkà ń gbà dé orí íntánẹ́ẹ̀tì nígbà náà. Sọ́fítíwíà tirẹ̀ ni oníbàárà sábà máa ń lò láti ka lẹ́tà. Ní oṣù Kọkànlá ọdún 1999, National Federation of the Blind, ẹgbẹ́ àwọn afọ́jú ní Amẹ́ríkà, pe AOL lẹ́jọ́ ní ilé ẹjọ́ ìjọba àpapọ̀ ní Boston, wọ́n sì fi ẹsùn wọn lé orí òfin ọdún 1990 tí ó dáàbò bo ẹ̀tọ́ àwọn aláàbọ̀ ara. Ohun tí wọ́n ń sọ ni pé àwòrán tí kò lórúkọ kún inú sọ́fítíwíà náà, pé àwọn àṣẹ kan wà tí máòsì nìkan lè ṣe, àti pé àpótí ìkọ̀wé rẹ̀ kò bá aka-ojú-ẹ̀rọ sọ̀rọ̀.

Ẹjọ́ náà kò dé ìdájọ́. Ní oṣù Keje ọdún 2000, àwọn méjèèjì fi ìmọ̀ ṣọ̀kan: ẹgbẹ́ afọ́jú dá ẹjọ́ dúró, AOL sì ṣèlérí pé ẹ̀dà tuntun sọ́fítíwíà òun yóò bá aka-ojú-ẹ̀rọ ṣiṣẹ́. Ó yẹ kí ènìyàn kíyè sí i pé nínú ẹjọ́ yìí, ẹ̀dà tuntun ni oògùn. Ìgbéga kan náà tí ó lè dí ọ̀nà ni ó lè la ọ̀nà. Ohun tí ó pààlà láàárín méjèèjì ni bóyá wọ́n rántí ẹni tí kò ríran kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀.

Ìjọba náà gbé ìgbésẹ̀. Ní ọdún 1998, wọ́n tún apá 508 òfin àwọn aláàbọ̀ ara ṣe ní Amẹ́ríkà kí kọ̀ǹpútà àti sọ́fítíwíà tí ìjọba àpapọ̀ bá ń rà lè ṣeé lò fún gbogbo òṣìṣẹ́; ìlànà rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọdún 2001. Ní Nàìjíríà, oṣù Kínní ọdún 2019 ni Ààrẹ buwọ́ lu òfin tí ó ka fífi ojú tẹ́ḿbẹ́lú aláàbọ̀ ara léèwọ̀.

Ìgbéga tí kò ní ìsinmi

Láti ọdún 2005 ni ìtàn náà ti gba ọ̀nà mìíràn. Ní ọdún náà, ilé-iṣẹ́ Apple fi aka-ojú-ẹ̀rọ tí wọ́n ń pè ní VoiceOver sínú kọ̀ǹpútà Macintosh fúnra rẹ̀, láìgba owó kún un. Ní ọdún 2006, Michael Curran, afọ́jú ọmọ ilẹ̀ Ọsirélíà, bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lórí NVDA, James Teh tí òun náà jẹ́ afọ́jú sì dara pọ̀ mọ́ ọn. Ọ̀fẹ́ ni NVDA, ẹnikẹ́ni sì lè yẹ inú rẹ̀ wò kí ó tún un ṣe. Èyí ṣe pàtàkì fún àwọn orílẹ̀-èdè bíi Nàìjíríà, nítorí pé ẹni tí ó bá ra aka-ojú-ẹ̀rọ olówó gọbọi sábà máa ń sanwó mìíràn kí tirẹ̀ tó lè bá Windows tuntun rìn. Ìgbéga ẹlòmíràn ni ó ń dá gbèsè sí i lọ́rùn.

Lákòókò yìí náà ni í-meèlì kúrò nínú kọ̀ǹpútà ẹni, tí ó lọ sí orí íntánẹ́ẹ̀tì. Nígbà àtijọ́, ènìyàn lè kọ̀ láti gbé sọ́fítíwíà rẹ̀ ga títí aka-ojú-ẹ̀rọ rẹ̀ yóò fi bá a. Ṣùgbọ́n lẹ́tà tí ó wà lórí ẹ̀rọ ilé-iṣẹ́ kan lókèèrè, ilé-iṣẹ́ náà ni ó ń pinnu ọjọ́ tí ojú rẹ̀ yóò yí padà. Afọ́jú lè sùn ní alẹ́ pẹ̀lú àpótí lẹ́tà tí ó mọ̀, kí ó jí ní òwúrọ̀ kí ó bá òmíràn.

Ọ̀nà mẹ́ta ni ìdíwọ́ yìí sábà máa ń gbà wá. Àkọ́kọ́ ni ìdákẹ́jẹ́: àkójọ lẹ́tà wà lójú ẹ̀rọ, ṣùgbọ́n kò dáhùn ìbéèrè aka-ojú-ẹ̀rọ, afọ́jú yóò sì rò pé òun kò ní lẹ́tà kankan. Ìkejì ni ìfò: bí ó bá pa lẹ́tà kan rẹ́, ipò rẹ̀ fò lọ sí òkè tàbí sí ìsàlẹ̀ láìsọ fún un, ó sì lè pa lẹ́tà tí ó ṣe pàtàkì rẹ́ láìmọ̀. Ìkẹta ni ìyípadà bọ́tìnnì: àṣẹ tí ọwọ́ rẹ̀ ti mọ́ láti ọdún pípẹ́ wá di àṣẹ mìíràn. Ẹni tí ó ríran yóò fi ojú wá ibi tí wọ́n gbé nǹkan sí. Afọ́jú ní láti fi etí rìn gbogbo ilé náà láti ẹnu ọ̀nà.

Àpẹẹrẹ wà nílẹ̀ rẹpẹtẹ. Ní oṣù Kọkànlá ọdún 2017, Firefox 57 jáde pẹ̀lú ìpìlẹ̀ tuntun tí ó mú un yára fún ọ̀pọ̀ ènìyàn, ṣùgbọ́n ó fa iṣẹ́ aka-ojú-ẹ̀rọ sẹ́yìn tó bẹ́ẹ̀ tí àwọn olùṣe rẹ̀ fi gba àwọn tí ń lo JAWS nímọ̀ràn pé kí wọ́n dúró sí ẹ̀dà àtijọ́ ná. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2024, Google pa ojú Gmail kan tí kò ní ọ̀ṣọ́ tì, èyí tí àwọn afọ́jú kan ti yàn láàyò nítorí pé ó rọrùn fún aka-ojú-ẹ̀rọ. Ní ìparí ọdún 2024 kan náà, Microsoft dáwọ́ dúró lórí sọ́fítíwíà Mail tí ó bá Windows wá, wọ́n sì darí àwọn ènìyàn sí Outlook tuntun.

Wọ́n lè ní kí afọ́jú má gbé sọ́fítíwíà rẹ̀ ga rárá. Ìmọ̀ràn yìí kò dúró. Inú ẹ̀dà tuntun ni wọ́n ti ń dí ihò tí olè ń gbà wọlé. Ẹni tí ó bá dúró sí ẹ̀dà àtijọ́ títí fi ilẹ̀kùn sílẹ̀ ní gbayawu. Kò yẹ kí afọ́jú máa yàn láàárín kí ó lè ka lẹ́tà rẹ̀ àti kí wọ́n má jí i.

Lẹ́tà tí a kọ ní Yorùbá

Ìtàn yìí kan èdè Yorùbá gbọ̀ngbọ̀n. Ní àwọn ọdún 1990, ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí ó ń tẹ Yorùbá lórí kọ̀ǹpútà lo lẹ́tà ọlọ́gbọ́n-orí: wọ́n mú àyè tí ó jẹ́ ti àmì mìíràn, wọ́n sì ya ẹ tàbí ṣ sí i. Ojú rí i bí Yorùbá, ṣùgbọ́n nínú ẹ̀rọ, àmì àtijọ́ náà ni ó ṣì wà níbẹ̀. Aka-ojú-ẹ̀rọ kò rí àwòrán, ohun tí ó wà nínú ẹ̀rọ ni ó ń kà, nítorí náà pàǹtírí ni yóò kà jáde. Bí wọ́n bá sì gbé irú ìwé bẹ́ẹ̀ lọ sí orí kọ̀ǹpútà tuntun tí kò ní lẹ́tà náà, ẹni tí ó ríran pàápàá yóò bá pàǹtírí pàdé.

Ìlànà Unicode, tí apá kìíní rẹ̀ jáde ní ọdún 1991, fún lẹ́tà kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà tirẹ̀ tí kò ní yí padà. Ẹ, ọ àti ṣ ní àyè tiwọn níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ́ tí ó ní ohùn òkè kò ní àyè kan ṣoṣo. Ẹ àti àmì ohùn ni wọ́n ń so pọ̀. Sọ́fítíwíà tí kò bá mọ ìsopọ̀ yìí lè ka àmì ohùn lọ́tọ̀ tàbí kí ó fò ó. Ẹni tí ó mọ ìyàtọ̀ láàárín ọkọ, ọkọ́, ọkọ̀ àti ọ̀kọ̀ mọ ohun tí lẹ́tà lè dà bí ohùn bá sọnù. Afọ́jú tí ó ń gbọ́ Yorùbá láti ẹnu ẹ̀rọ tí a kọ́ ní Gẹ̀ẹ́sì wà nínú ìdíwọ́ méjì pọ̀: ti ojú àti ti èdè.

Ìgúnlẹ̀

Ohun tí ìtàn yìí fi hàn ni pé àìrìnpọ̀ ejò ló ń jẹ ọmọ ejò níyà. Níbi tí aka-ojú-ẹ̀rọ ti ń gbọ́ lẹ́yìn ògiri, gbogbo ìgbéga ni ó ń dà á rú. Níbi tí àdéhùn ti wà, ìdíwọ́ dín kù, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé kò tán. Níbi tí afọ́jú fúnra rẹ̀ ti wà nínú iléeṣẹ́ tí wọ́n ti ń ṣe é, gẹ́gẹ́ bíi ti Jesse Wright, Ted Henter, Michael Curran àti James Teh, ọ̀nà là jù. Òfin wúlò, ṣùgbọ́n ẹ̀yìn tí nǹkan bá bàjẹ́ ni òfin sábà máa ń dé.

Yorùbá sọ pé ọ̀nà kan kò wọ ọjà. Ojú jẹ́ ọ̀nà, etí jẹ́ ọ̀nà, ìka ọwọ́ jẹ́ ọ̀nà. Ẹni tí ó bá ń tún ọjà ṣe, tí ó sì dí ọ̀nà méjì nítorí kí ẹyọ kan lè dára, kò tíì tún ọjà ṣe. Àwọn olùkọ́ èdè náà ní ipa tiwọn láti kó. Lẹ́tà Yorùbá tí wọ́n bá fi àmì ohùn àti lẹ́tà tí ó tọ́ kọ lórí kọ̀ǹpútà ni ó lè dé etí ẹni tí kò ríran ní pípé, kí ó sì kà á fúnra rẹ̀, láìwá ọmọ ilé-ìwé tí yóò bá a kà á.